Ìka Tí Kò Ṣẹ̀

Látìgbà tí ọkọ Ìyá Aláró ti kú, kò ní alábàárò kankan ju àbúrò rẹ̀ ọkùnrin lọ. Òun ló tọ́ ọ dàgbà, òun ló rán an níwèé, nígbà tó sì dá ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rẹ aṣọ láró sílẹ̀, àbúrò yìí ló fi ṣe akápò. Bí àbúrò bá ń sín àwọn oníbàárà alágídí jẹ, ẹ̀gbọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀.

Odò ẹ̀yìn ilé iṣẹ́ ló dá wàhálà sílẹ̀. Bí wọ́n bá rẹ aṣọ pupa, odò á pọ́n. Bí wọ́n bá rẹ dúdú, odò á dúdú bí ẹ̀yìn ìkòkò. Àwọn ará àdúgbò pariwo títí ó fi sú wọn. Ìgbà tí ilé ìtajà ńlá tó ń ra aṣọ lọ́wọ́ wọn sọ pé àwọn ò bá ẹni tó ń ba omi jẹ́ ṣòwò mọ́ ni etí Ìyá Aláró tó là. Ọjà kú. Ó sáré tọ àwọn tó ń fowó dókòwò lọ, wọ́n sì rán obìnrin kan wá wo ilé iṣẹ́ náà. Obìnrin yẹn rìn yí ká, ó bẹ̀rẹ̀ létí odò, ó bu omi sínú ìgò.

"A máa fowó sí i, mà," ló wí. "Ẹ kọ́ ibi tí omi aró á ti máa mọ́ kó tó jáde. Ẹ gbé sólà sórí òrùlé, torí jẹnẹrétọ̀ yẹn ń mu èrè yín bí ẹní mu omi. Ó wá ku ọ̀kan. Ẹ̀yin lẹ ni ilé iṣẹ́, ẹ̀yin lalága, àbúrò yín ló tún di àpò mú. Ta ló máa bi yín léèrè ọ̀rọ̀? Ẹ mú ará ìta wọ ìgbìmọ̀ tó ń darí ilé iṣẹ́, kí akápò má sì jẹ́ ẹbí."

Ọjọ́ mélòó kan kọjá kí Ìyá Aláró tó lè la ẹnu sọ fún àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo jalè ni?"

"O ò jalè. Ta ló wí bẹ́ẹ̀?"

"Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Èwo ni tèmi ṣẹ̀?"

Ó ní òun á fi í ṣe olórí àwọn tó ń tajà. Àbúrò rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sórí tábìlì. "Ẹ kú iṣẹ́, mà," ló wí, ó sì jáde.

Láyé rẹ̀, kò pè é ní mà rí.

Owó dé. Odò mọ́. Ilé ìtajà ńlá padà wá, òmíràn tún tẹ̀ lé e, owó tí wọ́n ti ń fi ra epo jẹnẹrétọ̀ sì di èrè. Akápò tuntun, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, ṣàwárí pé ẹni tó ń ta aró fún wọn ti ń bu owó lé iye rẹ̀ tipẹ́. Ọ̀rẹ́ àbúrò ni, àbúrò gbà á gbọ́, kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ìyá Aláró gbọ́ ọ, ó gbé e mì.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó lọ bá àbúrò rẹ̀ nílé. Ìyàwó fún un lómi. Àbúrò jókòó síwájú rẹ̀, ó ká apá mọ́yà.

"Ohun tí ẹ ṣe dáa. Mo gbọ́ pé àwọn ọmọ ń lúwẹ̀ẹ́ nínú odò báyìí."

"Ṣé wàá padà wá?"

"Rárá, mà."

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ tó ń ta aró yẹn dé orí ahọ́n Ìyá Aláró. Ì bá sọ ọ́, ì bá jàre. Ó mu omi rẹ̀ tán, ó dìde.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ṣe ìpàdé ọdún, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, wọ́n pè é ní àwòkọ́ṣe. Ó dá àpárá kan. Wọ́n rẹ́rìn-ín níwọ̀nba. Ẹnì kan kì í jẹ́ àwá dé. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ lọ sí yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jẹun. Wọ́n sún fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n yára jẹ tiwọn, wọ́n sì ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ku òun nìkan. Ó jẹun rẹ̀ tán, ó fọ àwo.