Pépà Tí Wọ́n Tì Pa

Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Dókítà Oore-ọ̀fẹ́ fi tẹ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínọlá síwájú tirẹ̀ àti ti àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ lórí pépà ìwádìí rẹ̀. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. Ní ẹ̀ka iṣẹ́ wọn ní yunifásítì l'Ádó, ta ló gbójú-gbóyà tó máa kọ pépà, tó máa fi orúkọ ọ̀gá sẹ́yìn? Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó dúró bíi bàbá fún un lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀! Ó tún wá fi ọ̀gá ṣe ẹni tí àwọn atẹ̀wé tó máa gbé pépà náà jáde yóò máa bá sọ̀rọ̀. Ọ̀wọ̀ náà ló rò pé òun ń bù fún un.

Bẹ́ẹ̀, òun nìkan ló jẹ ìyà iṣẹ́ náà. Òun ló ń wọ mọ́tò lọ sí Ìyìn, tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ìyálọ́mọ wò lẹ́yìn ìbímọ, tó sì rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ni ilé ìwòsàn dá padà sílé láìtíì sàn. Àwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ yìí àti ìtọ́jú tó ń fún wọn níbẹ̀ ní òfin kan tí wọn kì í fi ṣeré: ọjọ́ tí pépà bá ti jáde, kí gbogbo ayé lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á fà sẹ́yìn, ìtọ́jú àwọn ìyálọ́mọ náà á sì dúró.

Àwọn atẹ̀wé fi ìwé àdéhùn ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ọ̀gá ò kà á. Ó buwọ́ lù ú wàrà, ó bá ìpàdé lọ. Àṣé ohun tó fọwọ́ sí ni pé kí wọ́n ti pépà náà pa fún ọdún kan gbáko, kó jẹ́ ẹni tó bá sanwó nìkan ni yóò rí i kà.

Nígbà tí pépà jáde tó rí i pé wọ́n tì í, Oore-ọ̀fẹ́ bẹ àwọn atẹ̀wé títí. Wọ́n ní àwọn lè ṣí i sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ o, àmọ́ ẹnu ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan làwọn ti máa gbọ́ ọ. Ló bá gba ilé ọ̀gá lọ ní àdúgbò Adébáyọ̀, ó kúnlẹ̀, ó rò ó fún un pátá. Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀ sílẹ̀.

"Kí n wá kọ̀wé pé mi ò ka ohun tí mo buwọ́ lù? Ní ọjọ́ orí mi yìí? Fi í sílẹ̀, ọmọ mi. Ọdún kan ò pẹ́."

Inú bí i gidigidi. Ṣé kó fẹjọ́ ọ̀gá sùn ni? Ọwọ́ ọ̀gá yìí náà ni ìgbéga rẹ̀ wà, ìjọ kan náà ni wọ́n sì jọ ń lọ. Ó ní, "Ẹ ṣé, sà," ó dìde.

Nígbà tó délé ní Òkè-Ìlá, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó fẹ́ kọ̀wé bẹ àwọn olówó mìíràn, nítorí àwọn ti àkọ́kọ́ ti fà sẹ́yìn. Ó tẹ ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà tó ń to orúkọ àwọn ìwé tí èèyàn tọ́ka sí, kó fa pépà náà wá. Ẹ̀rọ kọ ọ́ síbẹ̀ kíá: *Akínọlá àti àwọn mìíràn*. Àwọn mìíràn! Gbogbo ọdún tó fi sá sókè sá sódò, ohun tó dà nìyẹn. Omi lé ròrò sí i lójú.

Fóònù dún. Jùmọ̀kẹ́ ni, nọ́ọ̀sì tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Ìyìn. Ó ní àwọn ìyálọ́mọ ti jókòó síta, wọ́n ń béèrè ọjọ́ tí dókítà ń bọ̀. Ó ní àwọn ará káńsù náà fẹ́ ka pépà yẹn kí wọ́n lè gba ìtọ́jú náà ṣe, àmọ́ owó ni àwọn atẹ̀wé ń béèrè lọ́wọ́ wọn.

"Dókítà, ṣebí iṣẹ́ yín ni? Ta ló wá tì í?"

Oore-ọ̀fẹ́ wo orúkọ ọ̀gá lójú kọ̀ǹpútà, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ síwájú.

"Èmi ni," ó ní. "Ẹ sọ fún àwọn ìyálọ́mọ kí wọ́n máa lọ sílé."