Ẹ̀gbẹ́ Ọ̀tún, Ẹ̀gbẹ́ Òsì

"Ìgbẹ́ ẹranko! Ọmọ tí mo fọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́ abẹ́rẹ́, ìgbẹ́ ẹranko ló wá ń kó!"

Ohùn màámi ti wọ ọgbà ẹranko kí ẹsẹ̀ wọn tó wọ̀ ọ́. Tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn wọn. Wọ́n nàka sí ṣọ́bìrì tó wà lọ́wọ́ mi bí ẹni rí ejò.

"Màámi, ẹ káàbọ̀."

"Má kí mi! Lọ palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́. Maṣíìnì ẹ ti dógùn-ún dè ọ́."

"Epo lẹ ò fi sí i. Kì í ṣe èmi ló ń dúró dè."

Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Àgùnfọn nítorí ọrùn rẹ̀, na ọrùn náà jáde lójú fèrèsé. "Ìyá, ẹ wọlé wò ó ná. Ìròyìn ò tó àfojúbà."

"Ó dáa!" Màámi ká apá aṣọ sókè. "Tí mo bá rí ẹranko kan ṣoṣo tí iṣẹ́ ara ẹ̀ ju iṣẹ́ ọwọ́ mi lọ, mo fi ọmọ yìí sílẹ̀ fún yín. Tí mi ò bá rí i, ó ń tẹ̀ lé mi lọ lónìí olónìí."

Ẹ̀rù bà mí. Ta ni kò mọ ìyá mi? Bí òdòdó ara aṣọ bá fi bí orí abẹ́rẹ́ ga ju èkejì rẹ̀ lọ láyà, "Tú u!" ni, kí n tún gbogbo ẹ̀ rán. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ bá ẹ̀gbẹ́ òsì mu. Láti kékeré, mo gbọ́ "Tú u!" ju orúkọ mi lọ.

Ọ̀kín la kọ́kọ́ kàn. Ó tẹ́ ìrù gbàgàdà bí ẹni ń na aṣọ tuntun fún oníbàárà. Màámi mí kanlẹ̀.

"Òwú aláwọ̀ yìí ò sí lọ́jà o." Wọ́n rántí pé ẹnu ìjà la wà. "Àmọ́ ó gùn jù. Ta ló wọ̀n ọ́n fún un?"

Àgùnfọn ńkọ́? Ó sọ orí kalẹ̀ látòkè igi, ó rọra fi ètè kan tẹ́ẹ̀pù ọrùn màámi. Ojú ńlá, irun ìpéǹpéjú bí ìgbálẹ̀. Màámi ò sá.

"Ẹ ò rí i, ó mọ oníṣẹ́," ni Bàbá Àgùnfọn wí.

"Àlẹ̀mọ́ ló kún ara ẹ̀, kò sì sí ọ̀kan tó gun orí èkejì," ni màámi sọ wúyẹ́wúyẹ́. Wọ́n yára bo ẹnu. "Ṣùgbọ́n àlẹ̀mọ́ náà ni. Èmi kì í lẹ aṣọ."

A wá dé ọ̀dọ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, tí ilà dúdú àti funfun bò látorí dé pátákò. Ẹ̀gbẹ́ òsì ló kọ sí wa, ó ń jẹ koríko rẹ̀. Màámi na ọwọ́ jáde. Ìka wọn ń tọ ilà náà lójú afẹ́fẹ́: ọrùn, èjìká, ikùn, itan.

"Ilà ọrùn wọ inú gọ̀gọ̀ lọ, kò já! Ẹni tó gé èyí, màá kúnlẹ̀ kí i."

"Ṣé ó ju tiyín lọ?" ni mo bi wọ́n.

Ìyá mi kì í parọ́ lórí aṣọ. "Ibí yìí, ó jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kan kì í ṣe aṣọ. Jẹ́ n rí ìkejì. Bí wọn ò bá bára mu, gbé ẹrù ẹ."

Èmi ni mò ń fún un lóúnjẹ láràárọ̀. Mo mọ ẹ̀gbẹ́ kejì.

Bàbá Àgùnfọn súfèé. Ẹranko náà yí padà. Ilà tó ya bí ẹ̀ka igi léjìká òsì, gbọọrọ ló lọ ní tọ̀tún. Ojú màámi bà lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Wọ́n la ẹnu.

Ni ẹranko náà bá ju gọ̀gọ̀, ó sáré yí pápá ká. Gbogbo ilà ara rẹ̀ ń ṣàn bí aṣọ lójú ìjì. Màámi gbàgbé ẹnu ní lílà títí ó fi padà wá dúró níwájú wọn, tó ń mí sí wọn lọ́wọ́.

"Kò bára mu," ni wọ́n wí. Ohùn wọn kò ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lọ.

Mo yọ abẹ́rẹ́ tí kì í kúrò láyà bùláòsì wọn, mo fi lé wọn lọ́wọ́.

"Ẹ gbà, Màámi. Ẹ tú u."