Ọwọ́ Tó Ń Wẹ Ọmọ

Èmi àti ìwé ètò tí wọ́n fún wa n'Íkàrẹ́ yẹn kò rẹ́ rárá. Àwọn olùkọ́ láti Kẹ́nyà ló wá kọ́ àwa nọ́ọ̀sì, kí àwa náà lè máa kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera káàkiri Nàìjíríà. Ìdánwò ìkẹyìn: kí n lọ sí Ọ̀kà, kí n kọ́ ogún ìyá tuntun pé ọmú nìkan ni ọmọ á máa mu fún oṣù mẹ́fà, kò gbọdọ̀ kan omi. Bí mo bá yege, mo di olùkọ́. Bí mo bá fìdí rẹmi, ó parí nìyẹn.

Ìyá tuntun kẹ̀? Ta ni ìyá tuntun níwájú ìyá àgbà tó ń wẹ ọmọ? Èmi nọ́ọ̀sì fúnra mi, mò ń wo ìyá mi tí wọ́n ń fọwọ́ bu omi sí ọmọ mi lẹ́nu láràárọ̀, mi ò lè sọ̀rọ̀. Ìgbẹ́ gbuuru fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ojú ṣì ń tì mí.

Àwọn ìyá àgbà ni mo pè. Ìyá mi wà lára wọn.

Dókítà Wanjiru, ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ Kẹ́nyà náà tó ń ṣe ìdánwò fún mi, wo ìwé rẹ̀. "Tẹjúmádé, àwọn wọ̀nyí kọ́ ló wà nínú ètò. Máàkì rẹ á lọ o."

"Kó máa lọ, mà. Àwọn ló ń fún ọmọ lómi."

Mo bẹ̀rẹ̀. Ìyá Limota, ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà náà, kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. "Nínú oòrùn Ọ̀kà yìí? Ìwọ tí wọ́n fún lómi, ṣé o kú ni? Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n mi ò jókòó. "Ìdí tí mo fi pè yín nìyẹn, Mà."

Ni ìyá mi bá dìde. "Èmi ni mo fún ọmọ rẹ̀ lómi. Ọjọ́ mẹ́rin la fi sùn lọ́sibítù." Màámi kọjú sí mi. "O mọ̀, o kò sọ fún mi?"

Omijé bọ́ lójú mi. "Ẹ̀rù yín ló bà mí, Màámi."

"Má bẹ̀rù mi mọ́. Sọ fún àlejò yìí kó kọ orúkọ mi mọ́ tìrẹ. Èmi ni n ó bá àwọn ẹgbẹ́ mi sọ ọ́, láti ibí dé Òkè-Àgbè."

Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì fún Dókítà. Ó kọ "yege" síwájú orúkọ mi, ó wá béèrè orúkọ tí òun máa kọ sábẹ́ rẹ̀.

"Eunice," ni ìyá mi dáhùn. "Kó kọ ọ́ gàdàgbà."