Kọ́kọ́rọ́ Ọkọ̀ Àlàájì Làmídì

"Irin lásán ni, Tantí. Kò sí ẹ̀mí nínú ẹ̀."

Bìlálì, tó ń gé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, gbé kọ́kọ́rọ́ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, bí ẹni tó ń wo ẹyin bóyá ọmọ wà nínú rẹ̀. Ó gbé e lé orí ẹ̀rọ kékeré kan tó wà lórí tábìlì rẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò dún. Ó já kọ́kọ́rọ́ mìíràn lára ògiri, ó gbé ìyẹn náà lé e, ẹ̀rọ náà sì dún pìì.

"Ṣé ẹ gbọ́? Ìyẹn ní ẹ̀mí. Tiyín ò ní."

Jàríátù jókòó sórí àpótí níwájú tábìlì náà. Kí oòrùn tó yọ ló ti kúrò ní Kambolé, eruku ọ̀nà Tchamba sì ti sọ ìborùn funfun orí rẹ̀ di pupa. Láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà, ohùn àwọn ọmọ iléekéwú àdúgbò Komah, ní Sokodé, ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ó sì ń ṣe Jàríátù bíi pé ojú oorun ni òun wà.

"Àbúrò mi, ọdún mọ́kànlá ni bàbá mi fi kọ́kọ́rọ́ yìí wa ọkọ̀. Èmi tí mo jókòó yìí fi í wà á ní Àlàmísì tó kọjá."

"Àti ọkọ̀ tí ẹ júwe fún mi yẹn? Ọkọ̀ òde òní nìyẹn. Kì í gba irin lásán." Bìlálì fi èékánná ọmọńdinrín rẹ̀ hàn án. "Nǹkan kan máa ń wà lórí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Púúsì là ń pè é, bíi ti inú tẹlifóònù. Tí kọ́kọ́rọ́ bá wọ ihò, ọkọ̀ á bi í pé, 'Ìwọ ta ni?' Púúsì ló ń dáhùn. Tí kò bá sí ẹni tó dáhùn, ẹ máa yí i títí di Àjíǹde, kò ní jí."

"Ó dáa, fi púúsì sí i fún mi, kí o sì ṣe òmíràn tí a ó fi pamọ́. Ohun tó gbé mi wá nìyẹn."

"Tí ẹ bá ní èyí tí ọkọ̀ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, màá ṣe àdàkọ rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún márùndínlọ́gbọ̀n fáràǹkì péré. Tí kò bá sí, ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ló máa wá bá mi níbí, kí n fi kọ̀ǹpútà bẹ̀ ẹ́. Ìyẹn á lé ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún."

"Ọkọ̀ tí kò jí, ẹsẹ̀ wo ló máa fi rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ?"

"Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ náà nìyẹn." Bìlálì họ irùngbọ̀n rẹ̀. "Tantí, ẹ má bínú o. Báwo ló ṣe ń jí tẹ́lẹ̀?"

Jàríátù wo ilẹ̀. Ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà, òun ni Yúnúsà àbúrò rẹ̀ sì ti ń pariwo kiri agboolé láti ìjẹta. Kò fẹ́ kó ti ẹnu òun náà jáde.

"Àwọn ará ilé wa ní tírà ló ń jí i."

Bàbá rẹ̀, Àlàájì Làmídì, ti fi ọkọ̀ náà kó iṣu láti Kambolé dé Sokodé títí irun rẹ̀ fi funfun. Ó ti di oṣù mẹ́wàá báyìí tí àrùn rọpárọsẹ̀ gba apá ọ̀tún rẹ̀, tó sì gba ahọ́n mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ wà nínú rẹ̀ bí omi ti ń wà nínú kànga jíjìn. Okùn ni kò gùn tó. Obìnrin kan wà tó máa ń ti Lomé wá sí ilé ìwòsàn ní Sokodé lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tó ń kọ́ irú wọn ní ọ̀rọ̀ sísọ. Dókítà ahọ́n ni Jàríátù ń pè é. Lọ́wọ́ rẹ̀ ni Bàbá ti kọ́kọ́ rí "omi" sọ, lẹ́yìn náà "ẹ fún mi lómi." Ọjọ́ tó sọ gbólóhùn yẹn pé, Jàríátù lọ sẹ́yìn ilé, ó forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run lórí yanrìn. Ṣùgbọ́n wọ́n ti pa ọjọ́ kan jẹ nígbà tí táyà jò, dókítà ahọ́n sì ti sọ pé bí wọ́n bá tún pa òmíràn jẹ, òun á fi àyè Bàbá fún ẹlòmíràn, torí àwọn tó ń dúró pọ̀. Ọ̀la gan-an ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Tírà náà ńkọ́? Awọ dúdú ni, a rán an yíká, a so ó sábẹ́ ìdarí ọkọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí ara Bàbá le, á kọ́kọ́ fi ìka kàn án, á wí fún àwọn tó wọkọ̀ pé, "Láìsí èyí, a ò lọ ibì kankan." Lẹ́yìn náà ni á ki ọkọ̀ rẹ̀:

"Ahun irin tó gbé ilé rẹ̀ dé Sokodé,
Eruku ọ̀nà ni àtíkè rẹ, ìrì òwúrọ̀ ni omi ìwẹ̀ rẹ.
A-ru-iṣu-má-jẹ-iṣu,
Jí, ọmọ mi, àwọn tó lọ ń retí ẹni tó ń bọ̀."

Ọkọ̀ á sì jí. Gbogbo Kambolé ló gbà pé tírà ló ń gbọ́ oríkì.

Ọ̀ràn náà kì í dùn mọ́ Jàríátù. "Bàbá, ẹ ti dé Mẹ́kà, ẹ ṣì ń so awọ mọ́ irin!" Ẹ̀rín ni Bàbá máa ń rín. Ní Jímọ̀ tó kọjá, Lẹ́mọ́mù wáàsí lórí àwọn tó ń fi nǹkan kẹ́gbẹ́ Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ náà sì wọ̀ ọ́ lára bí ìgbà tí ọyẹ́ bá wọ eegun. Ó délé, ó mú abẹ, ó gé tírà náà kúrò. Bàbá wà lójú fèrèsé. Ó ń fi ọwọ́ òsì lu igi fèrèsé, ó ń ké bí ẹni tí wọ́n di lẹ́nu, omi ń dà lójú rẹ̀.

"Bàbá, ẹ má sunkún," Jàríátù sọ fún un. "Ọlọ́run tó fún wa lọ́kọ̀ tó ọkọ̀ ṣọ́."

Torí pé orúkọ Ọlọ́run lè wà nínú rẹ̀, kò jù ú sí ààtàn. Abẹ́ igi mángòrò, níbi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀, ló gbẹ́, tó sì rì í mọ́lẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọkọ̀ kò jí. Iná pupa kékeré kan tó ní àwòrán kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀.

Bí Bìlálì ti gbọ́ ìtàn náà tán, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tó fi di tábìlì mú.

"Tantí! Níbo ni tírà ọ̀hún wà báyìí?"

"Mo ti sin ín, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ọ."

"Ẹ kírun sí i lára?"

"Má fi mí ṣẹ̀sín o, ọmọ yìí."

"Wọ́láhì, n ò fi yín ṣẹ̀sín. Ẹ lọ hú u. Òkú tí ẹ sin ò tíì kú." Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ gbọ́ mi. Tí orí kọ́kọ́rọ́ bá fọ́, tí kò sí owó láti ra tuntun, ohun tí àwa máa ń ṣe fún èèyàn ni pé a ó yọ púúsì inú rẹ̀, a ó fi í pamọ́ sí ẹ̀bá ihò kọ́kọ́rọ́. Tí ọkọ̀ bá bèèrè, òun náà á dáhùn láti ibi tó wà. Irin yòówù tí a bá gé bá ihò náà mu, á ṣiṣẹ́. Bàbá yín kàn rán tiwọn sínú awọ kó má baà sọnù ni. Olè wo ló máa fọwọ́ kan tírà?"

"Kí ló dé tí wọn ò sọ fún wa?"

"Àlàájì wo ló máa jáde sí gbangba sọ pé àlẹ̀mọ́ ni kọ́kọ́rọ́ òun?"

Jàríátù wọ takisí dé Tchamba, ó sì gun alùpùpù zẹ́mì láti ibẹ̀ lọ sílé. Ọyẹ́ ti bo ayé. Àwọn igi ń yọ lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú ìkùukùu, wọ́n á dúró díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí èèyàn, wọ́n á tún wọ inú rẹ̀ lọ. Àwọn ebè iṣu tó ti ṣófo tò lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà bí àwọn tó wà ní ìforíkanlẹ̀. Nínú ariwo alùpùpù, ó ń gbọ́ ohùn Bàbá ti àtijọ́, ohùn tó mọ́ gaara: Jí, ọmọ mi. Kò mọ̀ bóyá òun ń sùn ni tàbí òun ò sùn.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Bàbá sunkún lọ́jọ́ Jímọ̀, ó sì ń ríran. Òun tí ojú rẹ̀ gbẹ ni kò rí nǹkan kan.

Lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́ ló délé. Ilẹ̀ abẹ́ mángòrò ti le bí àpáta, ó da omi sí i kó tó lè gbẹ́ ẹ. Bàbá tún wà lójú fèrèsé, ṣùgbọ́n kò lu igi mọ́. Ó ń wò ó ni. Nígbà tí Jàríátù rí awọ náà, ó gbé e wọlé, ó kúnlẹ̀ síwájú Bàbá, ó sì já okùn ẹ̀gbẹ́ kan. Òwú ló kọ́kọ́ jáde. Inú òwú náà ni nǹkan dúdú kan wà, tín-tín, bí hóró ìrẹsì tó jóná. Kò sí ìwé kankan. Nínú lẹ́tà kéwú, kò sí álífù kan, kò sí bá kan.

Ìlàjì ẹnu Bàbá tó ṣì ń gbọ́ràn rẹ́rìn-ín músẹ́. Èjìká rẹ̀ ń mì. Lẹ́yìn náà ni ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá nǹkan.

"Mo mọ̀, Bàbá," Jàríátù yára sọ. "Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Ẹ foríjì mí." Ó sì dìde láti wá abẹ́rẹ́ lọ. Ó ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó wẹ̀yìn, kó rí i pé ẹnu Bàbá ṣì là sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó so awọ náà padà sí àyè rẹ̀. Ó ti pe Bìlálì sórí fóònù: bí wọ́n bá ti ilé ìwòsàn jáde, wọ́n á yà ní Komah kó ṣe kọ́kọ́rọ́ gidi méjì. Òun àti Yúnúsà gbé Bàbá sí iwájú. Ó ṣe bísímílà, ó yí irin náà. Ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó sì jí.

"Alihamudulilai!" Yúnúsà fò sókè. "Kí ni mo wí? Tírà ti jí! Ẹ jáde wá wò ó!"

Àwọn ará agboolé jáde pẹ̀lú pákò lẹ́nu. Bàbá Sàídù, àbúrò Bàbá, fi ọ̀pá rẹ̀ kan táyà ọkọ̀.

"Jàríátù, o rí i bí? Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó. Ìwé ọ̀dọ́ ò mọ ohun tí awọ àgbà mọ̀."

"Ẹ ò ṣe ní kó bẹ̀ ẹ́," Yúnúsà sọ. "Kó bẹ tírà níwájú wa!"

Ara Jàríátù gbóná. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, ọ̀wọ̀ Bàbá á ya níwájú gbogbo ilé. Bó bá pa á mọ́, wọ́n á máa bọ awọ àti òwú, òun náà á sì jókòó láàárín wọn bí ẹlẹ́rìí. Ó yíjú sí Bàbá.

"Bàbá, ṣé kí n sọ fún wọn, àbí kí n má sọ?"

Bàbá gbé ọwọ́ òsì sókè. Ètè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wárìrì.

"È..."

"Wọ́n ní ẹ jẹ́ ká máa lọ," Yúnúsà sọ.

"Rárá o, òtútù ló ń mú wọn," ni Bàbá Sàídù wí.

Jàríátù wo aago. Ó yẹ kí wọ́n ti máa sún mọ́ Tchamba. Ó na ọwọ́, ó sì pa ọkọ̀.

"Ṣé orí ẹ pé báyìí?" Yúnúsà ké. "Tí kò bá tún jí ńkọ́?"

"Dákẹ́, Yúnúsà. Bàbá ń sọ̀rọ̀."

Ewúrẹ́ kan gba ìwájú ọkọ̀ kọjá, ó wọ inú ọyẹ́ lọ.

"Èmi," ni Bàbá wí.

Ó sinmi. Ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀. Itọ́ ṣẹ́ sí irùngbọ̀n rẹ̀. Jàríátù mọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta, mẹ́rin, tó lè tẹ̀lé e. Ó pa gbogbo wọn mọ́ sínú ẹnu ara rẹ̀.

"Ni... n ó..."

Kò sẹ́ni tó bá a parí ẹ̀.

"Sọ ọ́," ni Bàbá parí rẹ̀.

Jàríátù sọ̀ kalẹ̀. Ó yí gba iwájú ọkọ̀, ó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ Bàbá sílẹ̀ gbayawu kí gbogbo wọn lè gbọ́, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.