Omi Ẹdẹ Nínú Búrẹ́dì Faransé

Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ Ìkirè ní èdè Faransé, kò sì sí ẹyọ kan nínú wọn tó gbọ́ ọ. N kì í dá wọn lẹ́bi. Èmi tí mo ń kọ́ wọn gan-an kò gbọ́ ọ. Ohun tí mo mọ̀ kò ju ìkíni lọ, òǹkà láti oókan dé ọgọ́rùn-ún, orúkọ nǹkan díẹ̀ bí omi àti iyọ̀, àti àṣẹ méjì tí mo fi ń darí kíláàsì: "Asẹyé-fù," ìyẹn ni pé kí wọ́n jókòó, àti "Tẹsé-fù," ìyẹn ni pé kí wọ́n pa ẹnu wọn mọ́. Bí mo bá ti lọgun èkejì yẹn, gbogbo kíláàsì á pa lọ́lọ́, èmi náà á sì rí àyè sinmi.

Ẹ má bi mí bí mo ṣe di tíṣà Faransé. Lọ́dún tí wọ́n gbà mí síṣẹ́, ìjọba ń wá ẹni tí yóò kọ́ni ní Faransé, èmi sì ń wá iṣẹ́. A bá ara wa pàdé. Láti ìgbà náà ni gbogbo Ìkirè àti Àpòmù ti ń pè mí ní Mùsíọ̀, ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni lédè Faransé, orúkọ náà sì máa ń dùn mọ́ mi nínú. Kódà lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, bí mo bá ń bọ̀ láti mọ́sálásí ní Àpòmù níbí lówùúrọ̀, àwọn ọlọ́kadà á máa kí mi, "Bọnsúwà, Mùsíọ̀." Kíkí alẹ́ ni bọnsúwà, mo mọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n n kì í tún un ṣe fún wọn, nítorí èmi ni mo kọ́ wọn.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Irọ́ tèmi ti ju ogún ọdún lọ. Òtítọ́ sì wọkọ̀ láti Kútọnu.

Humairah, àbígbẹ̀yìn wa, ló fà á. Ó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ló ti pàdé Àbdùlràhmọ̀n, ọmọ Kútọnu tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀. Ọmọ náà ti wá kí wa lẹ́ẹ̀mejì. Yorùbá rẹ̀ já gaara, mo sì rò pé Ìbàdàn ló ti kọ́ ọ. Bàbá rẹ̀ ti kú, nítorí náà ìyá rẹ̀ ló kù tí yóò wá rí wa. Bí ìyá bá fọwọ́ sí i, a ó dá ọjọ́ yìgì. Bí kò bá fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ parí.

Ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, Humairah pè mí lórí fóònù. "Dádì," ó ní, "màmá wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá o. Faransé ni, àti..."

N kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Àyà mi ti já. Ṣùgbọ́n ẹnu mi, ẹnu tó ti ń kó mi sí wàhálà láti kékeré, ti ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. "Faransé kẹ̀?" ni mo wí. "Ta ló ń bẹ̀rù Faransé? Sọ fún wọn pé búrẹ́dì Faransé gan-an ni n ó fi ọwọ́ ara mi ṣe fún wọn."

Ẹ má rò pé orí mi dàrú. Mo ti ro ó dáadáa. Ẹni tí ìyẹ̀fun bò lọ́wọ́ dé ìgúnpá kò ṣeé pè sí pálọ̀ pé kó wá bá àlejò sọ̀rọ̀. N ó wà ní kíṣìnnì, n ó máa po ìyẹ̀fun, n ó máa ju "wí, wí", ìyẹn bẹ́ẹ̀ ni, sí wọn láti òkèèrè títí wọn ó fi jẹun tán tí wọn ó sì lọ. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ mi fún bí wákàtí kan.

Lẹ́yìn wákàtí kan náà ni ohùn obìnrin kan dé sórí Wásáàpù mi. Humairah ti sọ fún un pé bàbá òun, tíṣà Faransé, fẹ́ ṣe búrẹ́dì. Inú ìyá náà dùn, ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀, ó ń ṣàlàyé bí òun ṣe máa ń ṣe é kíákíá nílé, láàárín wákàtí méjì. Faransé ló sì fi sọ gbogbo rẹ̀ látòkè délẹ̀, láti fi bọ̀wọ̀ fún mi.

Èmi àti Sàlámọ̀tù, ìyàwó mi, jókòó ti fóònù náà. Sàlámọ̀tù ti ń ṣe dòdò Ìkirè tà kí n tó fẹ́ ẹ, etí rẹ̀ sì mú ju tèmi lọ. Ohùn náà ń sáré bí ọkọ̀ tí bíréékì rẹ̀ já. Mo gbá òǹkà mú: ife ìyẹ̀fun mẹ́ta. Mo gbá iyọ̀ àti ṣúgà mú. Ti íìsì, n kò mọ ohun tó pè é, ṣùgbọ́n Sàlámọ̀tù ní ta ni kò mọ̀ pé íìsì ló ń mú búrẹ́dì wú. Lẹ́yìn náà ni obìnrin náà sọ ọ̀rọ̀ kan, ó sì tẹnu mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì: "O tiẹ́dẹ. O tiẹ́dẹ."

"O" yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń kọ ọ́ sójú pátákó. "Omi ni," mo wí, mo sì na ọrùn.

"Omi wo?" ni Sàlámọ̀tù bi mí.

N kò mọ̀. Mo tún un gbọ́. N kò tún mọ̀.

"Ẹdẹ ni mo gbọ́ yẹn," ó ní. "Àbí omi ti Ẹdẹ ni wọ́n ń wí ni, Bàbá Humairah?"

Ibí yìí ni ọlọ́gbọ́n ì bá ti ní òun kò mọ̀. Èmi ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Omi Ẹdẹ."

"Kí ló ṣe omi Aṣéjìrẹ́ tó wà nítòsí wa níbí?"

"Omi yàtọ̀ sómi," ni mo dá a lóhùn. "Àwọn Faransé kì í fi omi ṣeré." Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé omi Ẹdẹ fúyẹ́, pé ó ṣeé ṣe kí òkìkí rẹ̀ ti dé Kútọnu tipẹ́. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè. Nígbà tí mo fi máa sọ ọ́ tán, èmi fúnra mi ti gbà á gbọ́.

Sàídì, ọmọ kíláàsì mi àtijọ́ tó ń wa ọkọ̀ Òṣogbo báyìí, ni mo bẹ̀ kó bá mi yà ní Ẹdẹ. Ó pọn kẹ́ẹ̀gì lítà mẹ́wàá wá, ó kún dẹ́nu. Ó bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo ní Faransé ni. Ó mi orí bó ṣe máa ń mi ín ní kíláàsì, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Sàlámọ̀tù gbé omi náà sínú fíríísà kó má baà bàjẹ́, ó ní omi àlejò ni.

Ọjọ́ pé. Sátidé ni, nínú oṣù Dìsẹ́ḿbà, ọyẹ́ sì mú. Omi Ẹdẹ ti ń di yìnyín. Mo fi ṣíbí fọ́ ojú rẹ̀, mo bù ú sínú ìyẹ̀fun, íìsì, ṣúgà àti iyọ̀. Ọwọ́ mi kú tipiri. Mo po ó títí èjìká fi ń dùn mí, mo fi aṣọ bò ó, mo gbé e sójú fèrèsé níbi tí ọyẹ́ ti ń fẹ́ wọlé, mo wá jókòó tì í.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kọjá, ó wà bó ṣe wà. Wákàtí kan kọjá, kò mira. Mo fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó kàn ń wò mí bí ọmọ kíláàsì tí mo bi ní ìbéèrè.

"Ṣé ó ti wú?" ni Sàlámọ̀tù béèrè láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń dín dòdò.

"Ó ń ronú lọ́wọ́," ni mo dáhùn.

Ẹ̀rù bà mí nígbà náà, ẹ̀rù gidi, kì í sì í ṣe nítorí búrẹ́dì. Humairah ti pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ó fẹ́ràn ọmọkùnrin yìí débi pé ó máa ń dá rẹ́rìn-ín bó bá ń fọ abọ́. Bí ìyá ọkọ bá wá rí i pé òpùrọ́ ni bàbá ìyàwó, ojú wo ni yóò fi wo ọmọ mi? Mo pinnu pé n ó da ìyẹ̀fun náà nù, n ó sì sáré ra búrẹ́dì ní títì. N kò tíì dìde tí mo fi gbọ́ ìró ọkọ̀ lójúde. Wọ́n ti dé ní wákàtí kan ṣáájú àkókò.

Alájà Raliat, ìyá Àbdùlràhmọ̀n, wọlé, obìnrin gíga tó wé ìbòrí funfun, Humairah àti Àbdùlràhmọ̀n tẹ̀lé e. Ó rí mi lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó sì sọ Faransé gígùn kan sí mi, gbogbo rẹ̀ sì gba etí mi kọjá. Mo ní, "Bọnzúù, Màdáámù." Ìyẹn lọ dáadáa. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀, mo wá ní kí n fi ọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́, kí n ní kó jókòó. Mo fi ọwọ́ oníyẹ̀fun júwe àga tó dára jù ní pálọ̀, mo tẹrí ba, mo sì fi ohùn ńlá tí mo fi ń darí kíláàsì wí pé, "Tẹsé-fù, Màdáámù."

Àbdùlràhmọ̀n wolẹ̀. Humairah fọwọ́ bo ẹnu. Ìyá náà dúró lójú kan, ó wò mí títí, ó wá fi Yorùbá tó mọ́ ju tèmi lọ sọ pé, "Mo ti dákẹ́, àna wa. Ẹ má bínú."

"Ẹ gbọ́ Yorùbá?" ni mo bi í, nígbà tí mo rí ohùn.

"Ọmọ Kétu ni mí. Yorùbá ni wọ́n fi tọ́ mi. Ṣé Humairah ò sọ fún yín ni?"

Mo wo Humairah. Humairah wò mí. Àwa méjèèjì rántí ẹni tó já lu ọ̀rọ̀ lórí fóònù.

Alájà ti gba ẹ̀gbẹ́ mi wọ kíṣìnnì. Ó ṣí aṣọ lójú abọ́, ó fi ìka kan ìyẹ̀fun, ó yára fà á kúrò. "Ó mà tutù o. Irú omi wo lẹ fi pò ó?"

"Omi Ẹdẹ," ni mo wí, "bí ẹ ṣe ní."

"Ẹdẹ kẹ̀?"

Sàlámọ̀tù, tó ti ẹ̀yìnkùlé wọlé wá kí àlejò, ṣí fíríísà, ó sì fi kẹ́ẹ̀gì hàn án. "Omi ti Ẹdẹ náà nìyí, Alájà. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ ọ́. O tiẹ́dẹ."

Alájà tún ọ̀rọ̀ náà pè lábẹ́ ẹnu. Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo èmi. Ẹ̀rín tó bú jáde lẹ́nu rẹ̀ pọ̀ débi pé ó fọwọ́ di ògiri mú. "Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ni mo wí," ó ní. "Bí a ṣe ń pe omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nìyẹn, kí íìsì lè jí. Ẹ wá pọn omi láti Ẹdẹ?"

Kò sí ibi tí mo lè sá sí mọ́. "Alájà," mo ní, "n kò gbọ́ Faransé. N kò gbọ́ ọ rí. Irọ́ ni mo ti ń pa láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí mi kọ Humairah. Ìyá rẹ̀ ló jọ, kò jọ mí." Ojú tì mí débi pé omi lé ròrò sí i.

Ilé pa lọ́lọ́, láìjẹ́ pé mo pàṣẹ. Sàlámọ̀tù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "A mọ̀," ó ní.

"Kí lẹ mọ̀?"

"Pé ẹ ò gbọ́ ọ. Ọdún kejì tí ẹ fẹ́ mi ni ará Tógò kan wá ra dòdò lọ́wọ́ mi, tí mo ní kí ẹ wá bá mi gbọ́ ohun tó ń wí. Ilé ìyàgbẹ́ lẹ sá wọ̀ títí ọkùnrin náà fi lọ. Mo sọ ọ́ fún Humairah nígbà tó dàgbà."

"Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Ẹ máa ń gbádùn Mùsíọ̀ yẹn," ó ní.

Alájà gbé abọ́ náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó gbé e ti ẹ̀gbẹ́ ààrò níbi tí dòdò ti ń hó nínú epo, ó wá jókòó sórí àpótí. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo ń retí ìdájọ́. Ó júwe àpótí kejì fún mi. "Asẹyé-fù, Mùsíọ̀," ó ní. "Èyí ni ti ìjókòó."

Mo jókòó.

"Àbdùlràhmọ̀n," ó pe ọmọ rẹ̀, "nígbà tí bàbá rẹ wà láyé, tí mo bá ní kó bá mi ra iyọ̀ lójúde, á ní oòrùn mú. Wọn ò gbọ́ Faransé mi nílé yìí, wọ́n sì gbọ́ ọ̀rọ̀ mi débi pé wọ́n rán ọkọ̀ lọ pọn omi ní Ẹdẹ. Kí la tún ń wá?" Ó yíjú sí Sàlámọ̀tù. "Ẹ jẹ́ ká dá ọjọ́ yìgì."

Humairah sunkún. Èmi náà sunkún, ṣùgbọ́n mo ní èéfín ni.

Ìyẹ̀fun náà wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Alájà ló gé e, tó nà án gùn, tó fi abẹ ya ojú rẹ̀. A kó ìkòkò kúrò nínú ààrò gáàsì tí Humairah rà fún wa, tí a kò tíì tanná sí rí, a sì yan án níbẹ̀. Dòdò Ìkirè la fi jẹ ẹ́.

Ìdajì omi Ẹdẹ ṣì wà nínú fíríísà. Sàlámọ̀tù kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á nù. Bí àlejò bá wà lọ́dọ̀ wa, tí ohùn mi bá ti ń ròkè ju bó ṣe yẹ lọ, á rọra bi mí pé, "Bàbá Humairah, ṣé kí n bu omi Ẹdẹ díẹ̀ wá?" Kíá ni mo máa ń tẹsé-fù.