Bátìrì Olóṣù Kan

Èmi àti àbúrò mi ra ìpín iléeṣẹ́ fóònù kan torí àhesọ pé bátìrì fóònù wọn tuntun máa lo oṣù kan. Bí ìpín náà ṣe ń gbówó lórí, àbúrò mi nìkan ni ìyá wa ń yìn.

Lọ́jọ́ kan, ó sáré wọ ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe.

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti ta tèmi. Ẹ ta tiyín! Ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ pé kò sírú bátìrì bẹ́ẹ̀?"

"O ti jẹ yó, o wá ní kí n gbé àwo tèmi kúrò?"

Mi ò tà. Lọ́jọ́ kejì, iléeṣẹ́ náà ní irọ́ ni, ìpín mi sì dòfo.

Mi ò tíì dárí jì í pé ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ jù mí lọ.