Aṣọ Funfun Lábẹ́ Òpó Èéfín

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ẹni tí mo tẹ̀ lé lẹ́yìn, ni alágbàfọ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Fọ̀-ó-mọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ wọn, irun mi ti funfun ju aṣọ èyíkéyìí tó fọ̀ rí lọ, àmọ́ bí mo bá gbóòórùn ọṣẹ àti sítáàṣì, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni ọkàn mi ń lọ.

Kí n tó rojọ́, ẹ jẹ́ kí n sòótọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń fi èédú ilẹ̀ pèsè iná mànàmáná ló gbé ẹ̀gbọ́n mi dìde. Kí wọ́n tó dé, ẹyin iná ló ń kó sínú àyọnù, tó ń ta sí i lọ́wọ́. Nígbà tí iná dé, ó ra àyọnù oníná, iṣẹ́ rẹ̀ gbòòrò. Ọkọ rẹ̀ náà ríṣẹ́ síbẹ̀, ó ń kó èédú sẹ́nu iléru. Kò sẹ́ni tó fẹ́ padà sínú òkùnkùn.

Àmọ́ asẹ́ tó yẹ kó máa gba eérú dúró nínú òpó èéfín wọn bàjẹ́, wọn ò sì tún un ṣe. Bí ẹ̀gbọ́n mi bá sá aṣọ funfun, kó tó gbẹ, eérú á ti bà lé e bí eṣinṣin lórí egbò. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í sá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní Fọ̀-ó-mọ́ ti di Fọ̀-ó-dọ̀tí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn ún dé egungun. Orúkọ rere tó fi ọwọ́ bíbó kọ́, eérú ẹlòmíì ló ń bà á jẹ́.

Àsìkò náà ni wọ́n fẹ́ ṣí òpó èéfín kejì, tí àwọn àlejò pàtàkì ń bọ̀ láti òkèèrè. Agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ náà, ọkùnrin kan tí ẹ̀rín kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, kó aṣọ iṣẹ́ funfun tí àwọn òṣìṣẹ́ máa wọ̀ lọ́jọ́ náà wá fún ẹ̀gbọ́n mi. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ kún un pé kí alágbàfọ̀ kankan má sá aṣọ funfun síta títí àlejò á fi lọ. Inú yàrá ni kí wọ́n sá a sí.

Àṣé wọ́n mọ̀. Wọn ò tún asẹ́ ṣe, okùn ìsáṣọ ni wọ́n wá tú.

Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀ ẹ́. Ó ní ẹnu iléru yẹn làwọn ti ń jẹun, kó jọ̀ọ́, kó má da omi sí i.

Ẹ̀gbọ́n mi dá a lóhùn. "Bàbá wọn, ṣé iṣẹ́ tiyín nìkan ló ń jẹ́ iṣẹ́?"

Ó fọ aṣọ náà, ó fi búlúù ṣàn án, ó sì sá gbogbo rẹ̀ síta bó ṣe máa ń sá a. Eérú bà lé e. Ó lọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e fún agbẹnusọ láàárọ̀ ọjọ́ ayẹyẹ, nígbà tí kò sáàyè àtúnfọ̀ mọ́. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọkùnrin náà.

"Màmá, ṣebí mo ní kẹ́ ẹ sá a sí yàrá?"

"Ọ̀gá, ọjọ́ wo ni oòrùn ràn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi? Ẹ ní kí n fọ̀ ọ́, mo fọ̀ ọ́. Dúdú tó wà lára rẹ̀ yẹn, tiyín ni. Èmi kì í jí ẹrù oníbàárà."

Gbogbo àdúgbò ló wá wòran. Àwọn òṣìṣẹ́ tò kalẹ̀ nínú aṣọ funfun tí eérú ti ṣe ní tó-tò-tó bí agbo ẹyẹ awó. Àlejò kan na ọwọ́ gbọn èjìká ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ó wo ìka ara rẹ̀, ó fi áńkáṣíìfù nù ún. Lẹ́yìn náà ló lọ gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Agbẹnusọ ní eérú díẹ̀ kì í dí ìdàgbàsókè lọ́wọ́. Ta ló kó eérú ọ̀hún bá? Ní òkè òkun tí mò ń gbé báyìí, èédú kan náà ni wọ́n fi là, àwọn ló sì ń kọ́ wa lónìí pé èédú ò dáa. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ò ní kí wọ́n paná. Asẹ́ lásán ló bèèrè.

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n lé ọkọ rẹ̀ kúrò nídìí iléru lọ sí kòtò eérú. Ó délé nírọ̀lẹ́, ojú nìkan ló ń dán lára rẹ̀. Mo ti ń múra àtilàjà. Àmọ́ ó bá oníbàárà àtijọ́ kan lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù aṣọ lórí, tó ń sọ pé ojú òun ti rí i, kì í ṣe ọwọ́ Fọ̀-ó-mọ́ ló ń ba aṣọ jẹ́. Ọkùnrin náà dúró, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbé korobá, ó pọnmi kún bàsíà ìfọṣọ.

"Aṣọ ta la fẹ́ kọ́kọ́ fọ̀?" ló bi ìyàwó rẹ̀.

"Èyí tó wà lọ́rùn yín."

Ó bọ́ ọ fún un. Ẹ̀gbọ́n mi fọ̀ ọ́, ó sì sá a síta, lábẹ́ òpó méjèèjì tó ń rú èéfín.